Kò Sọ́pá, Kò Sọ́nà

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago kan ku ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán, tírélà pa ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ èbúté. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú ló gbé àsíá sókè fún tírélà náà pé kó wọlé. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni ẹni tó kú.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe aṣọ́nà tó kù sí ọ́fíìsì.

Kọ̀ntẹ́nà ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì náà, wọ́n gé fèrèsé méjì sí i lára. Ọ̀gá èbúté jókòó lápá kan tábìlì. Ẹnjiníà rélùwéè, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, jókòó lápá kejì, ó gbé akoto iṣẹ́ rẹ̀ lé itan. Oṣù mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì fi ń fa ọ̀nà yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Rélùwéè fẹ́ tì í pa kí wọ́n lè gbé afárá ọkọ̀ ojú irin gba orí rẹ̀ kọjá. Èbúté ní bí ọ̀nà bá tì, ẹrù á jẹrà, ọkọ̀ òkun á sì gba èbúté ẹlòmíì lọ. Ìpàdé kan ò tíì parí rí láìjẹ́ pé ẹnìkan gbá tábìlì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohùn wọn ṣọ̀kan. Òkú ló parí ìjà wọn.

"Bàbá, ẹ kú àráfẹ́rakù," ni ọ̀gá èbúté wí. Ó ti ìwé kan síwájú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn fọwọ́ sí i nísàlẹ̀."

Aṣọ́nà wọ dígí rẹ̀, ó kà á. Ìwé náà ní aṣọ́nà ẹ̀gbẹ́ èbúté rìn wọ ojú ọ̀nà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àsíá.

"Ọwọ́ ta ni ì bá ti gba àṣẹ?" ló béèrè.

"Kí lẹ wí?"

"Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá ni àṣẹ."

Ẹnjiníà wo akoto orí itan rẹ̀. Ọ̀gá èbúté mí kanlẹ̀. "Bàbá, a mọ̀ pé àna yín ni. Ẹni tó lọ ti lọ. Ẹ̀yin ṣì wà láyé, ọdún méjì péré ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Òkú kì í sì rojọ́."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi di ẹrù lé e lórí."

Ó ká ìwé náà sápò, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Nígbà tí àwọn rélùwéè fi páànù gíga dí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà náà, àyè tírélà kan péré ló kù. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rìn ín láti ẹ̀gbẹ́ ìlú dé èbúté, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó ní kọ́nà láàárín, ẹni tó wà lápá kan kò lè rí apá kejì. Torí náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ ọ̀pá kan, gígùn rẹ̀ kò ju apá ènìyàn lọ, wọ́n kùn ún ní pupa. Tí àwọn ọkọ̀ bá ń ti èbúté bọ̀, ẹni tó kẹ́yìn ni yóò mú ọ̀pá dání. Tó bá ti fa ọ̀pá lé aṣọ́nà ìlú lọ́wọ́, àwọn ọkọ̀ ti ìlú lè wọlé, ẹni tó kẹ́yìn wọn á sì mú un padà. Apá ibi tí ọ̀pá bá wà, apá ibẹ̀ ló ni ọ̀nà.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ló le jù lórí òfin yìí nínú àwọn aṣọ́nà méjèèjì. Kòsọ́pákòsọ́nà ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Awakọ̀ kan bi í nígbà kan pé, "Bàbá, tí ìyàwó mi bá ń rọbí lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Kí ọmọ náà dúró níbẹ̀ kí ọ̀pá dé."

Ọ̀pá náà tún ń jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Wọn a máa kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé pélébé, wọn a fi rọ́bà so ó mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ní tí ẹ ò bá wá kí òun ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ má pe òun ní àbúrò mọ́." Aṣọ́nà ìlú á kọ èsì, á so ó mọ́ ọ̀pá, á fún awakọ̀ tó kẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé àgbà méjì ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, rélùwéè fẹ́ ti ọ̀nà ní aago kan, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kí wọ́n lè gbé òpó kọnkéré sókè. Ọkọ̀ òkun kan sì ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Tírélà mẹ́tàlélógún tò sí ẹ̀gbẹ́ ìlú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Tírélà méjìlá jáde láti èbúté. Nígbà tí ìkejìlá dé, awakọ̀ na ọwọ́ òfìfo síta.

"Ọ̀pá dà?"

"Bàbá ò fún mi. Èmi ni mo kẹ́yìn, mo fi Ọlọ́run búra. Kò sí mọ́tò kankan lẹ́yìn mi."

Kò purọ́. Kò sí mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́.

Aṣọ́nà pe ọkọ àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Àwọn awakọ̀ mẹ́tàlélógún ń fun fèrè. Ọ̀gá èbúté pe òun náà: "Bàbá, ẹ ṣí ọ̀nà jàre! Ṣé ọ̀pá la fẹ́ kó sínú ọkọ̀ òkun ni?" Aṣọ́nà pe ọkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó gbé àsíá sókè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá kejì kò ju bínńtín lọ. Ọkọ àbúrò rẹ̀ fi ọ̀pá há abíyá, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yẹ àgádágodo ẹ̀yìn tírélà tó kẹ́yìn wò. Nígbà tó rí i pé ó dára, ó gbá ara tírélà náà lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, tírélà sì gbéra. Kí ó tó rántí ohun tó wà ní abíyá rẹ̀, tírélà ti dé kọ́nà. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ mú ọ̀pá bọ̀. Kò padà wọ àgọ́ rẹ̀ lọ mú fóònù. Àwọn tó rí i ní kò sáré. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ni ọ̀nà. Ó dá a lójú pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun kò ní tú ọkọ̀ kankan sílẹ̀ láìrí ọ̀pá.

Ní kọ́nà yẹn, láàárín páànù àti páànù, kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí.

Nígbà tí aṣọ́nà kúrò ní ọ́fíìsì, ilé àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ. Ó bá a nínú yàrá, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn ará ọ́fíìsì wá síbí láàárọ̀. Wọ́n ní ó ṣàìgbọràn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ inú ewu." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Ọkùnrin tó ń jí mi dìde lórí oorun tí mi ò bá ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná!"

Aṣọ́nà kò jókòó. Ó ṣí fìlà, ó sọ ọ́ fún un lóòró. Ó sọ ọ̀rọ̀ awakọ̀ kejìlá, ó sọ ti fóònù, ó sọ ti àsíá. Kò pe èṣù sí i, kò sì pe ọ̀gá èbúté sí i.

Àbúrò rẹ̀ di ṣẹ́ẹ̀tì náà mú ṣinṣin.

"Ṣé ẹ pè é?"

"Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ó máa ń gbàgbé fóònù. Nílé níbí náà, ó máa ń gbàgbé ẹ̀." Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí ibùsùn. "Ó ní ọkàn òun balẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn torí pé ẹ̀yin lẹ wà lápá kejì."

Aṣọ́nà ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Ẹ máa lọ sílé, Bọ̀ọ̀dá mi. Mi ò lè wo ojú yín lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè wò ó lọ́la." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀. "Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn, ẹ lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ojú ewé kan síwájú wọn, ó fi bíró kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ pé òfin ni pé kò sọ́pá, kò sọ́nà. Ẹni tó kú ló pa òfin mọ́, òun ni òun rú u.

Ọ̀gá èbúté kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín ti lọ nìyí? Ọlọ́pàá sì lè pè yín."

"Wọ́n mọ ilé mi." Ó kó àsíá méjèèjì lé tábìlì, èyí tó pupa àti èyí tó dúdú bí ewé.

Ẹnjiníà tẹ̀lé e jáde. Omi ti lé sí i lójú. "Bàbá, àwa la fún yín ní àkókò tí kò tó. Ẹ ò kọ ìyẹn sí i."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ tiyín, ọmọ mi. Tèmi ni mo kọ."

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àgọ́ ẹ̀gbẹ́ èbúté, ó ní kí ó bá àwọn kó ẹrù olóògbé fún ìyàwó rẹ̀, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Aṣọ́nà lọ síbẹ̀, ó jókòó sórí àga inú àgọ́ náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀:

Aṣọ òjò kan, ó ya ní èjìká.

Bàtà rọ́bà, ẹsẹ̀ méjì.

Ìgò omi kan, ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì.

Dígí ìkàwé kan, òwú ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Àga kan, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án.

Agolo kan, ìwé pélébé mẹ́rìndínláàádọ́ta wà nínú rẹ̀, rọ́bà ni wọ́n fi dì wọ́n. Èmi ni mo kọ gbogbo wọn. Ohun tó wà lára ti òkè ni: "Òjò ń bọ̀. Wọ bàtà rẹ."

Fóònù kan. Ìpè mẹ́ta tí a kò gbé wà lójú rẹ̀.