Èèrà Ẹ̀yìnkùlé Àna

Àwáwù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé Ọdẹ́wálé, ó ń wo èèrà. Wọ́n pọ̀. Wọ́n tò wá láti ìdí igi ọsàn, wọ́n bo ibi tí baálé ilé náà tọ̀ sí láàárọ̀, bí ẹni pé oyin ló dà síbẹ̀. Inú Àwáwù dùn. Kì í ṣe pé ó ń yọ̀ sí àìsàn ẹlòmíràn, àmọ́ ta ni inú rẹ̀ kì í dùn bí ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí bá já sí òótọ́?

Ó ti sọ fún Ràṣídì ọmọ rẹ̀ pé àtọ̀gbẹ wà ní ìdílé Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọdẹ́wálé, tó fẹ́ fi ṣaya, àìsàn tí í mú èèyàn máa tọ̀ títí ara á fi gbẹ, tí ìtọ̀ á sì dùn débi tí èèrà á fi bò ó. Ràṣídì ní bí ìyá òun bá fẹ́ kọ ọmọbìnrin náà, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti wá rí i báyìí. Lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ ń retí èsì. Bó bá ti mirí, ìgbéyàwó tú nìyẹn.

Ní gbogbo Ẹdẹ, kò sẹ́ni tó mọ ìdílé í wádìí bí Àwáwù. Á ní òun fẹ́ tọ̀, wọ́n á sì júwe ẹ̀yìnkùlé fún un. Ta ni yóò ní kí àlejò má tọ̀? Lónìí, ìtọ̀ kúkú ń gbọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ó sún sí ìdí balùwẹ̀, ó tọ̀ tiẹ̀, ó sì wọlé padà tàyọ̀tàyọ̀ bí ẹni tó jàre.

Ọdẹ́wálé wà lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù débi pé ẹ̀wù rẹ̀ dà bí èyí tó yá wọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọ̀ṣunfúnkẹ́, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Ìyá Ràṣídì, mo mọ ohun tí ẹ wá wò,” ni ìyá àgbà náà wí. “Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ó ṣe bàbá wa kó tó ṣe àbúrò mi. Èmi rèé, kò tíì mú mi, oko ni mo ṣì ń lọ. Nígbà tí òun náà ń roko, kò mú un. Àfìgbà tí rélùwéè dé, tó ń jókòó wọn èkùrọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sanra, tó ń fi ṣúgà mu ẹ̀kọ, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.”

Àwáwù mirí. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tiẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. Ó mu ún tán, ó ní kó bù sí i. Ó mu ìyẹn náà tán. Nígbà tó tún na igbá sí ọmọ náà, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

“Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín tó báyìí ni?”

“Oòrùn ni.”

“Òjò ló ń ṣú láti àárọ̀, Ìyá Ràṣídì.”

Àwáwù gbé igbá sílẹ̀. Ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n ọ́n. Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó yà sí ìdí balùwẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Èèrà ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn ti ìdí ọsàn. Àwọn yẹn ò kúrò níbi tiwọn. Ọ̀wọ́ mìíràn ni, níbi tí òun fúnra rẹ̀ tọ̀ sí.

Ẹ̀rù bà á. Láti ìgbà tí aṣọ títà ti ń mówó wá, ìjókòó ni tirẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń kiri. Wọ́n ń pe sísanra rẹ̀ ní ara ọlá, òun náà sì ń gbà á. Ó rántí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, egbò kékeré tó kọ̀ tí kò jinná títí ìyá fi kú. Orogún ìyá ni Àwáwù di ikú náà rù, kò sì kí i títí di òní, àṣé àìsàn yìí ló pa ìyá. Ìtìjú obìnrin náà mú un, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ó gbé ẹsẹ̀ láti fi yanrìn bò ó. Ó tún gbé e sílẹ̀. Ilé wo ni yóò ti wá ìyàwó fún Ràṣídì, tí àwọn onílé náà kò ní wá wo ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀?

Ó wọlé, ó kọjá lára Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní Ọdẹ́wálé, ẹni tí kò kí dáadáa nígbà tó dé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára yín fún mi,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ náà wá jókòó, kó gbọ́.”

“Kí ló kan ọmọdé níbẹ̀?” Ọdẹ́wálé bi í.

“Nítorí ọmọ tó máa bí fún Ràṣídì ni. Bó ṣe wà lára yín ló wà lára èmi náà.”

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé èsì tí àwọn àgbà ilé ọkọ òun ń retí, pé kí wọ́n gbé ìyàwó náà wá, ló ti jáde lẹ́nu òun yẹn.