Eyín Tí Nǹkan Kan Ò Ṣe

Ẹ bá mi wò ó o. Ẹnu tí mo fi ń jẹun láti kékeré, tí mo fi ń bú ẹni tó bá yẹ kí n bú, òun ló ṣàdédé gbiná mọ́ mi lára. Oyún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ síta nígbà náà. Mo jí láàárọ̀, mo ní kí n mu omi, omi lásán-làsàn, ó ta mí dé etí. Ahọ́n ń jó mi, èrìgì ń jó mi, àjà ẹnu ń jó mi. Mo gbé dígí, mo la ẹnu gbàgà. Kò sí egbò, kò sí wíwú. Mo ní, "Èwo tún ni eléyìí?"

Ilé ìyá ọkọ mi là ń gbé, abẹ́ rẹ̀ náà ni mo sì ti ń ránṣọ. Ìyá ọkọ àti ọ̀gá, ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ti rí i pé mo ti kó sí páńpẹ́. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ni ilé ìdáná, inú ìkòkò kan ni gbogbo wa sì ti ń jẹun. Màmá ló ń sè é, ata tó ń bọ́ sí i kò kéré. Nínú iṣẹ́ wa, ọwọ́ méjèèjì ló ń di aṣọ mú, nítorí náà ètè ló ń di píìnì mú. Ọjọ́ tí mo kó píìnì tèmi sínú àwo, Màmá dá maṣíìnì rẹ̀ dúró.

"Ìyàwó, ẹnu ti di ẹyin, kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́?"

"Màmá, ó ń ta mí ni."

"Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ikùn ni mo ti lóyún gbogbo wọn. Mi ò gbọ́ oyún ẹnu rí."

Oníbàárà tó ń wọ aṣọ wò bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi dé góńgó, àmọ́ ta ló fẹ́ la ẹnu tó ń jó o fèsì?

Ọkọ mi, tó ń tún fíríìjì ṣe, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó tan iná sí mi lẹ́nu, ó kan gbogbo eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan. Ó máa ń ṣe àwọn aboyún mìíràn bẹ́ẹ̀, a ò sì mọ ìdí rẹ̀. Irọ́ kọ́ lẹ ń pa o. Ẹ fi ata sílẹ̀, ẹ máa jẹ ohun tó rọ̀ tó sì tutù, ẹ máa sinmi." Etí ọkọ mi ló ti sọ ọ́. Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni dókítà wí.

Ó ní, "Ó ní òun ò rí nǹkan kan."

Mo ní, "Sọ èyí tó kù!" Ó ń tú okùn bàtà. Màmá pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ṣé mo sọ? Ọ̀lẹ ni!"

Láti ọjọ́ náà, ebi di alájọgbé mi. Tí mo bá jẹ òkèlè kan, omijé á máa dà, Màmá á sì ní kí n rọra ṣe o, eré náà ti ń dùn jù. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún mi fọwọ́ wọn ikùn mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ọmọ yìí kéré. Ẹ ò jẹun. Bó bá ń bá a lọ báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí." Mo bẹ Màmá pé kó jẹ́ kí n máa se tèmi lọ́tọ̀ láìfata sí i.

"Ìkòkò méjì nínú ilé mi? Ṣé májèlé ni mò ń sè fún yín ni?"

Ó tán. Mo sunkún nídìí maṣíìnì bí ọmọdé.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, oníbàárà kan wọlé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín rẹ̀ ni. Ó tú u jáde nínú aṣọ ìnujú, Màmá sì ń kí i ní pẹ̀lẹ́ títí, ó gbé àga fún un, ó ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá ọkọ mi kan náà o! Mo bi obìnrin náà níbi tó ti yọ ọ́.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni. Àga kan, korobá kan, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Ayọyín. Kì í béèrè ìdí. Tí o bá ti nawọ́ sí eyín, á yọ ọ́.

"Èwo?"

Mo nawọ́ sí ọ̀kan lẹ́yìn. Ó mì ín. "Eyín yìí dúró digbí o."

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ẹnu tìẹ ni. Mi ò ní gún ọ lábẹ́rẹ́ o, nítorí oyún."

Ẹ gbà mí! Mo ké, ọmọ inú mi ta pọ́ún. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń já kúrò lára egungun mi. Nígbà tó jáde, ó fẹ́ fi omi ṣàn án, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín funfun kinniwin ni lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ sí i lára.

"Yéè, ìyàwó mi!" Màmá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo délé tí mo tú eyín náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ìkòkò kékeré kaná, kò fi ata sí i, ó ń fẹ́ ẹ kó tutù. Ọkọ mi fọ aṣọ mi. Ẹnu ń jó mi bó ṣe ń jó mi tẹ́lẹ̀, ihò eyín tún wá ń ro mí kún un, àmọ́ mo jẹun. Mo jẹ, mo sùn lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì wọn ikùn mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń dàgbà! Ohun yòówù tí ẹ bá ń ṣe, ẹ má dá a dúró o."

Ihò náà jiná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú rọlẹ̀, àánú náà rọlẹ̀ tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kan, Màmá gbé àwo síwájú mi, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ fún ata.

Mo ní, "Màmá, ó ṣì ń dùn mí."

Ọkọ mi ju ṣíbí sílẹ̀. "O tún ti bẹ̀rẹ̀!"

"Eyín tó ń dùn ọ́ ti wà ní ààtàn," Màmá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá wèrè sọ̀rọ̀. "Kí ló wá ń dùn ọ́?"

Mo fẹ́ da àwo náà lé wọn lórí. Ká ní èmi nìkan ni, ǹ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà yí ara padà nínú mi, kò tíì tóbi. Mo fi ahọ́n tọ èyí tó kù nínú eyín mi títí mo fi dé òpin. Wọ́n ṣì pọ̀.

Mo ní, "Ẹnìkejì rẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n jọ bà jẹ́ ni."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó fa àwo ata kúrò níwájú mi. "Ṣé kò yẹ kó o ti sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́? La ẹnu kí n rí i. Èwo ni?"

Mo la ẹnu, mo fi ìka hàn án.