Òrùlé Ọkọ̀ Twyla

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Twyla fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní ìlú kékeré kan ní Ohio. Ojú ọ̀nà kan náà, igun kan náà, ariwo ọmọ kan náà lẹ́yìn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ge kéèkì fún un, wọ́n sì fún un ní aago ògiri. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ilé fi sú u. Yóò jókòó, yóò dìde. Yóò ṣí fèrèsé, yóò tún pa á dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kun ilé ìdáná rẹ̀ láàárín oṣù méjì, ọ̀dà kankan kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Corinne, àbúrò rẹ̀ tó ń gẹ irun fún àwọn obìnrin, nìkan ló ń yà kí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Corinne wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ìjàlọ ló wà lórí àga yín ni?"

"Ọkọ̀-ilé ni mo fẹ́ rà," ni Twyla dá a lóhùn.

Ọkọ̀ tó gùn bíi bọ́ọ̀sì ni, tí ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí èèyàn lè gbé dúró síbi tó bá wù ú. Bàbá kan tó ń jẹ́ Hollis ní ọ̀kan tó fẹ́ tà. Àwọn méjèèjì lọ wò ó. Bí Corinne ṣe wọlé ló fa imú.

"Ẹ ò gbóòórùn ni? Ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ọ̀dà tuntun sì nìyí lára àjà. Ta ló ń kun àjà ọkọ̀ tó fẹ́ tà?"

"Ẹni tó fẹ́ kó lẹ́wà ni."

"Ẹ jẹ́ ká mú mẹkáníìkì wá kó gun òrùlé ẹ̀ wò."

"Mẹkáníìkì ò lè wá títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti pẹ́ jù."

Twyla ti sanwó, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá Hollis fọwọ́ pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára, ó sì wọ ilé rẹ̀ lọ láì wo ojú ẹnì kankan.

Oṣù karùn-ún ni wọ́n gbéra. Corinne bá a lọ nítorí kò lè fọkàn balẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan máa rìn káàkiri. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n dojú kọ. Twyla kò dárúkọ ibì kan pàtó. Ní Illinois, táyà kan bẹ́. Ní Iowa, fìríìjì kọ̀, wọ́n sì da ẹyin àti wàrà nù. Ibẹ̀ náà ni Twyla ti fẹ́ tú táńkì ìgbọ̀nsẹ̀, tí ìkánjú kò jẹ́ kó de họ́ọ̀sì rẹ̀ dáadáa. Ohun tó dà sí bàtà Corinne, a kì í dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ní Nebraska ni òjò ti bá wọn. Corinne ń ro ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ́sàn-án nígbà tí omi já láti ara iná àjà, tó, tó, tó, sínú ìkòkò. Twyla fi ìka tẹ ògiri. Ìka náà wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì tó rin.

Wọ́n rọra gbé ọkọ̀ náà dé ọgbà ìtúnṣe kan. Virgil, tó ni ọgbà náà, gun òrùlé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ pákó tó ti di bí ilẹ̀dú.

"Màmá, ó ti tó ọdún márùn-ún tí òrùlé yìí ti ń jò. Wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lo máa ṣe é tán?"

"Ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà níwájú yín. Ká sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ tún ṣe, àbí o fẹ́ lóyún ẹ̀?"

Ni wọ́n bá ń gbé inú ọgbà náà, lábẹ́ tapólì. Twyla ń yí ọgbà po láàárọ̀ àti lálẹ́ títí koríko fi di ojú ọ̀nà. Corinne ní tirẹ̀ gẹ irun Virgil lábẹ́ igi. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Virgil dé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, obìnrin márùn-ún ti tò sórí bẹ́ńṣì, ẹlòmíràn sì gbé búrẹ́dì tí wọ́n kó ẹran àti kábéèjì sí nínú wá fún un. Obìnrin tó ni ilé ìgẹrun ìlú náà, tí ọwọ́ ń dùn ún, bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ran òun lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Twyla lọ bá Virgil. "Fún mi ní àkàbà."

"Ẹ̀yin? Ẹ fẹ́ ṣubú sí mi lọ́rùn?"

"Mo fi bọ́ọ̀sì gbé ọgọ́ta ọmọ nínú yìnyín, kò sí èyí tó fara pa. Fún mi ní àkàbà."

Virgil fún un, ó sì fi iṣẹ́ náà hàn án. Twyla ń gé pákó tó ti jẹrà kúrò, ó ń kan tuntun, ó ń fi gọ́ọ̀mù dí ojú ìpàdé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń lé ló ṣe ń ṣe é, ó sì sáré fo igun kan. Nígbà tí wọ́n fi họ́ọ̀sì da omi sí i láti dán an wò, omi wọlé níbẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí òrùlé, ó sì sunkún.

Corinne gun àkàbà dé ìdajì. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń sá fún?"

"N ò sá fún nǹkan kan. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yí po lójú kan. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí téèyàn wakọ̀ tí kò ní yí padà ní aago mẹ́ta ọ̀sán."

Corinne gòkè díẹ̀ sí i. "Èmi ò ní lọ mọ́ o. Mo ti gba iṣẹ́ níbí."

"O fẹ́ fi mí sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ń lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ojú kan ni mo wà."

Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Corinne gbé àga síta, Twyla jókòó, àbúrò rẹ̀ sì gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ń gbọn irun kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa pè mí." Twyla di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lórí òrùlé náà, ó fara balẹ̀ sí igun yẹn, ó sì gbéra ní àárọ̀ Tuesday kan, òun nìkan. Ní Wyoming, òkúta yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń fọwọ́ wá gbogbo ògiri bí ẹni ń wá ibà lára ọmọ. Ibi gbogbo gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Síbẹ̀, kí òjò tó dá, ó ti tẹ́ máàpù sórí itan.

Corinne pè é lọ́jọ́ kejì. "Ibo lẹ wà?"

Twyla wo òkè ńlá tó wà níwájú rẹ̀. "N ò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ara yín ti wá balẹ̀ báyìí?"

"Kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn mí mọ́."

Corinne rẹ́rìn-ín, ó ní oníbàárà kan ti ń dúró de òun, irun rẹ̀ sì ti tutù. Twyla ní kó lọ, òun náà ń lọ.