Ọjọ́ Tí Mo Wọ Òléku Ànìkẹ́

Inú àpótí aṣọ ìyá bàbá mi ni mo wà, mo dúró ṣánṣán, orí mi ò sì kan ìdérí. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Fèrèsé wà níbẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń gba ibẹ̀ wọlé, òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò sì gba gbogbo ilé. Àwọn aṣọ jókòó sórí àga, wọ́n káwọ́ lé itan bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé àga wọn dára ju tiwa lọ.

Aṣọ ni mo wá wá. Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni wọ́n sì máa ń ya ènìyàn nílùú wa. Bí o bá ṣe múra nínú fọ́tò náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé á ṣe máa mọ̀ ọ́ títí lọ. Gbogbo aṣọ tèmi sì ti sú mi. Àwọn télọ̀ àdúgbò wa, inú fóònù kan náà ni gbogbo wọn ti ń wo sítáì. Bí o bá ti rí mi lọ́jọ́ Sátidé, o ti rí ìdajì Ìbàdàn. Mo ní n ó lọ sẹ́yìn, n ó lọ wo bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń wọṣọ, n ó mú díẹ̀ níhìn-ín, n ó mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹni tó bá rí mi lè mọ̀ pé Yéwándé nìyí, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ohun tí mo ń wá ò ju ìyẹn lọ. Ṣé ó wá pọ̀ jù ni?

Ìyá bàbá mi, Ànìkẹ́, kú nígbà tí oyún mi ò tíì hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Yéwándé, tí bàbá mi fi ń pè mí ní "ìyá mi" láti kékeré, tí àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin fi máa ń kúnlẹ̀ kí mi nígbà tí ikun ṣì ń já nímú mi. Eré ni, gbogbo ilé ló ń ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, torí ẹran tó tóbi ni wọ́n máa ń bù fún mi.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ṣòkòtò kan wí. Ṣòkòtò tó ń gbálẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn géńdé ń wọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé bàtà kì í hàn. Mo ní kó má fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, pé mo kéré sí i dáadáa. Gbogbo aṣọ rẹ́rìn-ín. Léèsì kan tó ti já lápá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn."

Mo kọ́kọ́ mú yẹtí kan, ó tóbi bí ẹ̀gbà ọwọ́. Bí mo ṣe fi í sétí, n ò gbọ́ ariwo ọ̀kadà mọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni mo ń gbọ́, ó ń ka ìròyìn ọdún kan tí wọn ò tíì bí mi. Mo wọ bàtà kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi bíríkì, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀nà ilé àwọn ènìyàn tí n ò mọ̀ rí. Mo rò ó pé kò burú. Mo ṣáà ń lẹ́wà sí i.

Òléku ló kẹ́yìn. Ànkárá aláwọ̀ ewé ni, ìró rẹ̀ ò kọjá orúnkún, apá bùbá rẹ̀ fẹ̀, àwòrán fáànù ló sì kún ara rẹ̀. Àwọn fáànù náà ń yí. Atẹ́gùn tútù ń ti ara aṣọ fẹ́ sí mi lọ́rùn. Léèsì tó já lápá ní kí n rọra o, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

"Ta ló ń pè ní ọmọdé?" ni òléku bi í.

Mo wọ̀ ọ́. Ẹ gbà mí, ó bá mi mu! Ó bá mi mu ju awọ ara mi lọ. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀.

Bàbá mi ló sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Géńdé ni wọ́n, irun orí wọn kún, wọ́n fi kóòmù há a lẹ́bàá etí. Wọ́n rí mi, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Dádì, ẹ dìde jàre, èmi ni." Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò sì dìde.

"Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà," ni wọ́n wí láti ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ mi kan. Yéwándé ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun ń lọ mú aṣọ, n ò rí i kó padà."

Mo ní èmi ni Yéwándé. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi nípọn, bí ohùn ẹni tó ti fi áṣáà sẹ́nu. Bàbá mi mi orí, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń bá wa ṣeré."

Ẹ̀rù wá bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù òkú, òkú ò tíì ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé bàbá mi ń wò mí, bàbá mi sì ń wá mi. Mo gbá ìsàlẹ̀ bùbá mú pé kí n bọ́ ọ gba orí, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti sún kì. Mo fa yẹtí, etí mi ló ń bá a bọ̀. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ òléku pé kó jọ̀ọ́, kó fi mí sílẹ̀, kí bàbá mi lè mọ̀ mí.

"Ìwọ lo ní kí ẹni tó bá rí ọ mọ̀ ọ́," ni ó wí. "Ṣé kò ti mọ̀ ọ́ báyìí?"

Ilé onífọ́tò la wà. N ò rántí pé a rìn. Wọ́n ta aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya òkun sí sára ògiri, ẹsẹ̀ aṣọ náà sì tutù, omi ti ṣàn dé abẹ́ àga. Onífọ́tò wà lábẹ́ aṣọ dúdú lẹ́yìn kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Aṣọ dúdú náà ló ga dókè, òun ló balẹ̀, n ò rí ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ó kí bùbá, ó kí ìró, ó kí bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè àlàáfíà yẹtí. Kò kí mi.

Wọ́n ta kọ́tìnì sí kọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Ìyá bàbá mi ló jáde níbẹ̀. Ṣòkòtò jíǹsì mi tó ya lórúnkún ni wọ́n wọ̀, àti ṣẹ́ẹ̀tì mi, àti sáńdà mi, fóònù mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn ni ojú wọn, ilà àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ewú wà lórí wọn. Wọn ò tilẹ̀ gbìyànjú láti jọ mí.

"Ṣòkòtò yìí mà dẹ̀ o," ni wọ́n wí, wọ́n ń yí ara wọn wò nínú dígí. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n wọ̀ tó báyìí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Tèmi ni."

"Kí n wá wọ kí ni? Ṣebí ìwọ lo wọ tèmi. Kò sí télọ̀ níbi tí mo ti ń bọ̀."

Bàbá mi wọlé. Mo sáré síwájú. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. "Yéwándé! Ọmọ yìí, níbo lo wà látàárọ̀? Ṣòkòtò yíya yìí náà lo tún wọ̀?" Wọ́n di ọwọ́ ìyá wọn mú, omi ti lé ròrò sójú wọn. Ànìkẹ́ kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì." Ó kúnlẹ̀ dáadáa ju bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ lọ. Ìyẹn dùn mí dé egungun.

Mo rò ó pé kí n sọ ohun kan tó jẹ́ pé èmi àti bàbá mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, omi gba títì ní Mọ́lété, bàbá mi sì pọ̀n mí kọjá, bí obìnrin ṣe ń pọn ọmọ, àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ wá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ìgbà tí omi gba títì ní Mọ́lété, ta ló pọ̀n ọ́ kọjá? Ṣebí èmi ni."

Bàbá mi dúró. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá. Mi ò gbàgbé."

"Ẹ má mira o," ni onífọ́tò wí.

Iná kọ yẹ̀rì.

Ògiri pálọ̀ wa ni mo wà, nínú férémù, mo ń wo ìsàlẹ̀. Mo rí àga wa, mo rí tẹlifíṣọ̀n, mo rí àwo oúnjẹ tí ẹnì kan jẹ kù. N ò lè pajú dé. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Bàbá mi ti darúgbó, irun orí wọn ti funfun. Ọjọ́ kan, àwọn àti ọmọbìnrin oníjíǹsì náà dúró níwájú mi, wọ́n sì gbójú sókè.

"Ìyá mi nìyẹn, Yéwándé," ni bàbá mi wí fún un. "Wọ́n ti lọ kí wọ́n tó bí ọ."

Ó súnmọ́ mi títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì. "Wọ́n mọ aṣọ wọ̀ o! Dádì, òléku yẹn wù mí gan-an. Ṣé ó ṣì wà kí n máa wọ̀ ọ́?"

"Rárá o. Òun gan-an la fi sin wọ́n."

Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n nù kúrò. Òmíràn sì rọra já lé e láti òkè.