Awọ Ewúrẹ́ Nínú Táyà

Lọ́dún 1976, agbẹ̀bí kan wà ní Lọ́kọ́jà tó ń jẹ́ Comfort. Alùpùpù ló máa ń gùn lọ gbẹ̀bí láwọn abúlé Ọ̀wọ́rọ̀. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn ń jò, ó ra túùbù tuntun, ó sì gbé e fún Énọ́kù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kó bá òun pààrọ̀ rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí táyà náà tún jò lọ́nà Gánájà. Comfort fi ọ̀pá irin ṣí i fúnra rẹ̀. Òórùn burúkú gbá a nímú. Túùbù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tòun tirun ni wọ́n fi dí ojú ibi tí táyà ti ya. Awọ náà ti jẹrà, ìdin sì ń rìn lára rẹ̀. Comfort bì. Ó rántí aláboyún tó gbé sẹ́yìn lánàá, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Ó ti alùpùpù náà dé ilé Énọ́kù.

“Bọ̀dá, túùbù mi dà?”

Énọ́kù rẹ́rìn-ín. “Ṣé kò gbé ẹ débi tí ò ń lọ ni? Obìnrin wo ló ń yẹ inú táyà wò?”

Comfort kúnlẹ̀ ti alùpùpù Énọ́kù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tú táyà rẹ̀, ó sì bá túùbù tuntun tí òun rà níbẹ̀. Ó yọ ọ́ lójú àwọn aládùúgbò.

Lọ́jọ́ Àìkú, Énọ́kù wá kí wọn nílé. Comfort gbé oúnjẹ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè bá a jẹun. Ìríra ọkùnrin náà ti kún un lọ́fun.