Igi Pupa, Igi Dúdú

"Èyíkéyìí," ni Lowell Hensley wí.

Orville Tackett, olùtajà ìbọn, gbójú sókè. Ìbọn àlòkù ológun méjì ló tẹ́ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí káńtà. Igi ìdí ọ̀kan dúdú, òróró ni wọ́n ń fi pa á. Igi èkejì pupa, fáníìṣì rẹ̀ ń dán yinrin. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi fa ara wọn títí di ọ̀sán nìyí. Nítorí fáníìṣì lásán, Lowell ti bá a yan odi fún oṣù mẹ́ta rí!

"Èyíkéyìí kẹ̀? Ìwọ Lowell? Ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni?"

"Ṣáà fún mi ní ọ̀kan, Orville."

Àyà Orville já. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n sin Verna, ìyàwó Lowell. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Lowell kó gbogbo ìbọn ilé rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ò yìnbọn mọ́ láyé òun. Kí ló wá fẹ́ fi èyí ṣe? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Lowell kò jẹ́ kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin.

Orville fa ìbọn méjèèjì sọ́dọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irin ìtúdè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tú igi dúdú náà kúrò lára irin rẹ̀. Ó ti irin náà àti ìbọn kejì mọ́nú àpótí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Igi yìí ti gbẹ. Mi ò lè tà á báyìí. Bá mi fi òróró pa á."

Lowell mọ òfin òróró pípa: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan. Kò fọwọ́ kan igi náà.

Ẹ̀rù ń ba Orville láti béèrè, ẹ̀rù àìbéèrè sì ju ìyẹn lọ.

"Lowell, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?"

Lowell tẹjú mọ́ igi náà. "Ilé yẹn dákẹ́ jù."

"Màá pe Irma, àbúrò rẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa sùn."

Orville pe Irma níṣojú Lowell, ìyẹn sì ní òun ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ àkísà sínú òróró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu igi náà wàdùwàdù.

"Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń pa á, òpònú!" Lowell gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń fi ọwọ́ ra á, kò sì nu omijé náà.

Nígbà tí mọ́tò Irma dúró níta, Lowell gbé igi náà ti ògiri.

"Ọ̀la ni òróró kejì kàn," ló wí.

Orville mi orí pé ó dára. Ó mọ̀ pé láràárọ̀ lẹ́rù yóò máa ba òun báyìí, títí Lowell yóò fi ṣílẹ̀kùn wọlé.