Ìbọn Ìléwọ́ Alágolo Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín kú ojúmọ́ tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ pé mo sùn, mo sì dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ pé mo jí. Bí n kò bá jí, ta ni ì bá sọ àlá yìí fún yín?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tan àbẹ́là orí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìgbà àìsàn tó ṣe mí lọ́dún tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, iná tí mo gbé lọ síbi àbẹ́là ń jó sọ́tùn-ún sósì, ó sì kú kí n tó débẹ̀. Àlùfáà wa kò bá mi wí. Ó kàn gba igi ìtanná lọ́wọ́ mi wẹ́rẹ́, ó gbé e fún ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Adéọ̀sun, ó ní kí n sinmi díẹ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n bá ti sọ fún pé kó sinmi díẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí.

Lóru àná, mo bá ara mi lójú àlá nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Aṣọ ìsùn ni mo wọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló wọ aṣọ ìsùn, nítorí náà ojú kò tì mí. Àlùfáà dìde, ó kéde pé láti òní lọ, ẹni tó bá yìnbọn lu àárín bébà róbótó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pẹpẹ ni yóò máa tan àbẹ́là. Ó ní ìbọn ìléwọ́ ni kí a lò, èyí tí òòlù rẹ̀ ń lu ọta láàárín ìdí, kì í ṣe létí, nítorí pé àárín ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Ó ní kó má sì wọ́n, nítorí ẹni tó bá ra olówó ńlá ni yóò kan òrùlé ilé ìjọ. Gbogbo wa ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi.

Mo bá jáde lọ gba ìwé àṣẹ ìbọn. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbà á ń fò lórí igi ọsàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ bí ẹran. Mo fa okùn náà títí ó fi sọ̀kalẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí jókòó síbẹ̀. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ìbọn ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi gba iṣẹ́ mi padà. Ó ní ìdí rere ni, ó sì mú òǹtẹ̀. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, tí ìwo ń yọ, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di òbúkọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ìwé àṣẹ mi láti etí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá òǹtẹ̀ sí."

Ó ní, "Bàbá, èmi kì í jẹ àárín. Òfin ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ́fíìsì ti di ìsọ̀ ìbọn, òbúkọ yẹn náà ló ń tajà. Agolo mílíìkì ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ ìsùn mi, mo bá mẹ́ta.

Ìbọn mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Èyí àkọ́kọ́ tóbi, ó ń dán yanran. Ó ní páálí mílíìkì kan odidi ni wọ́n ń ra òun, pé bí òun bá dún, ìlú kejì á dìde dúró. Mo gbé e, ó ta ọwọ́ mi nù bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo gbé e padà. Ìkejì kéré, ó wuyì, agolo méjì péré. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kúrú débi pé n kò rí ibi tí màá fi ojú tọ̀, ó sì fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé gbogbo gbígbọ̀n ọwọ́ mi ló ń bá jó.

Ìkẹta ti lo ayé díẹ̀. Dúdú ara rẹ̀ ti họ níbi tí ọwọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti ń dì í mú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́ bí àwo ìdàpọ̀ mímọ́. Agolo mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ tutù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má béèrè iye tí wọ́n pè mí nìkan. Ẹ béèrè iye ọta mi. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rà mí, ọta lẹ ó máa rà títí. Tèmi pọ̀ níbi gbogbo, kò sì wọ́n. Ẹ wá fi ọwọ́ yín wọ̀n mí wò."

Mo wọ̀n ọ́n wò. Ó kún ọwọ́, ó sì wúwo díẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ bá gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni. Mo san agolo mẹ́ta, òbúkọ ní kí Ọlọ́run bá mi lò ó.

Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bọ́ sí. Wọ́n ní kí Bàbá Adéọ̀sun gbàdúrà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ àdúrà rẹ̀. Ó gbà á fún ìjọ, fún ìlú, fún àwọn tó ń bẹ lórí omi, títí ó fi rẹ bébà róbótó, tó bọ́ sílẹ̀ tó lọ sùn láàárín àwọn akọrin. A jí i nígbà tí a ṣe àmín, ó padà sí ààyè rẹ̀.

Mo na ìbọn pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, mo gbé òsì sẹ́yìn. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo yìn ín, ó ba fáànù òrùlé. Fáànù ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ọlátóún." Nínú ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n fún mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù, àwọn akọrin sì ti ń wolẹ̀ nítorí mi.

Ìbọn ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbé ìka kúrò níbi tí ẹ fi ń fà mí, kí a sọ̀rọ̀. Òsì yín dà?"

Mo ní, "Ó wà lẹ́yìn. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òsì kì í dé ibi mímọ́."

Ó ní, "Ta ló dá òsì?"

Mo mú òsì wá síwájú, ìtìjú ń ṣe é díẹ̀. Mo fi gbá ọ̀tún mọ́ra, méjèèjì di ìbọn náà mú. Gbígbọ̀n náà rọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Mo mí sínú, mo fà á jẹ́jẹ́. Ọta gba àárín gbùngbùn, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là sì yọ láti inú ihò náà. Òbúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Àmín yẹn ló jí mi. Ìyàwó mi, Ìyá Ọlátóún, ló dúró ti ibùsùn, ó ń parí àdúrà òwúrọ̀ tirẹ̀. Ó gbé ife ẹ̀kọ bàbà gbígbóná sí mi, ó ní kí n rọra, pé àná ni mo dà á sórí aṣọ ibùsùn. Mo na ọ̀tún, ó ń gbọ̀n. Mo wá mú òsì wá, mo fi gbá ife náà mọ́ra.

Ìyàwó mi wò mí. Ó ní, "Bàbá Ọlátóún, òsì kẹ̀?"

Mo ní, "Olúwa ló dá òun náà."

Ẹ̀kọ náà dúró jẹ́ẹ́. Mílíìkì tó kán sí i kò tíì pò mọ́ ọn, ó funfun róbótó ní àárín gbùngbùn, kò sì yẹ̀. Mo mu ún tán láìkán sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo wọ bàtà, mo gba ilé Àlùfáà lọ láti sọ fún un pé mo ti sinmi tó, àti pé ọwọ́ méjì ni màá fi máa gbé igi ìtanná.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, ibi tí ọwọ́ yín kan bá ti ń gbọ̀n, kí Olúwa rán èkejì sí i. Iná yín kò ní kú kí ẹ tó dé ibi àbẹ́là. Àmín.